Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá: Nípa Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí ń Mú Inú Ọkọ̀ Tutù

Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹjọ́ kan náà ni ó ń dé etígbọ̀ọ́ wa láti ẹnu àwọn baálé àti ìyáálé tí wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Yábàá, ní Sùúrùlérè àti ní Muṣin. Wọn a ní AC inú ọkọ̀ àwọn kò mú tutù mọ́, pé atẹ́gùn gbígbóná bí ooru ẹnu ààrò ni ó ń fẹ́ sí àwọn ọmọ lójú bí wọ́n bá ń ti ilé-ìwé bọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gbà. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà, oníṣẹ́ náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọrùn wò ó, ó sì dájọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé, “Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti kú. Ẹ mú owó wá, kí a lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀.” Owó náà kì í ṣe kékeré. Owó ilé-ìwé ọmọ ni ẹlòmíràn ń yọ fún un, oṣù kan kì í sì í pé nígbà mìíràn tí ooru fi ń padà sínú ọkọ̀.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí a fẹ́ wí lónìí kò ju èyí lọ: kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mìíràn, kí ó má sì ṣe jẹ́ kí a rọ gáàsì sí èyí tí ó wà níbẹ̀, àyàfi bí a bá ti fi gééjì méjì wọn ẹ̀rọ náà ní ìhà méjèèjì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa àti nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ nǹkan bí ìdajì wákàtí ni, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìdájọ́ èké.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àmù. Omi inú àmù a máa rin jáde díẹ̀díẹ̀ sí ara rẹ̀ lóde, atẹ́gùn a sì gbẹ ẹ́. Bí omi náà bá ti ń gbẹ, ooru ara àmù ni ó ń gbé lọ, ìdí rẹ̀ nìyí tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù láìsí iná mànàmáná. Bákan náà ni ẹni tí nọ́ọ̀sì fi òwú tí a rẹ sínú spírítì nu lápá mọ̀ bí ojú ibẹ̀ ti í tutù nini. Gáàsì inú ọkọ̀ ń ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò ní ìlú wa ni R-134a; bí kò bá sí ohun tí ó há a mọ́, ó ń hó nígbà tí ó bá wà ní ìwọ̀n 26 °C sí ìsàlẹ̀ òdo, ìyẹn nínú òtútù tí ó ju ti yìnyín lọ jìnnà. A tú u sínú àwọ̀n páípù kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó hó, ó sì gba ooru inú ọkọ̀ láti fi hó. Omi inú afẹ́fẹ́ a wá dì mọ́ ara àwọ̀n náà, a sì kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé omi mímọ́ tí ń kán náà ni gáàsì tí ń jò.

Gáàsì tí ó ti gba ooru yìí kò wúlò mọ́ àfi bí a bá lè gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nìyí. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń fi bẹ́líìtì yí i. Ó ń fa gáàsì tí kò lágbára wọlé ní ìhà kan, ó ń fún un mọ́ra, ó sì ń tì í jáde ní ìhà kejì pẹ̀lú agbára ńlá. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù a máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gáàsì yìí ń gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, nítorí náà, nígbà tí ó bá dé inú àwọ̀n pẹlẹbẹ tí ó wà níwájú rádíétọ̀, tí a ń pè ní kọ́ńdẹ́ńsà, atẹ́gùn ìta lè gba ooru lára rẹ̀, títí yóò fi di omi. Omi yìí tún gba ojú ihò tóóró kan padà sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, àyípo a sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ rí ìgbádùn yìí nínú ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ Packard ta ọkọ̀ tí ó bá AC rẹ̀ jáde láti ilé-iṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1940; ṣùgbọ́n kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wọn kò ní ohun tí ń dá a dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, òun náà ń yí, ẹni tí òtútù bá sì ti tó fún ní láti dá ọkọ̀ dúró, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fi ọwọ́ yọ bẹ́líìtì! Lẹ́yìn náà ni a fi òòfà iná sí iwájú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì AC, iná yóò dé inú òòfà, yóò fa àwo irin iwájú mọ́ra, ẹ ó gbọ́ ‘kàrà’, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Níbi òòfà yìí ni ìdájọ́ èké ti ń bẹ̀rẹ̀ jùlọ. Oníṣẹ́ rí i pé àwo iwájú kò yí, ó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ iná dé ibẹ̀? Fíúsì lè ti jó. Rílée lè ti bàjẹ́. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ni ó ní ẹ̀ṣọ́ kan lára páípù, tí ó ń wo agbára gáàsì; bí gáàsì bá ti dínkù jù, yóò gé iná kúrò kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ má baà ṣiṣẹ́, nítorí pé inú gáàsì ni òróró tí ń rin ara rẹ̀ ti ń gbà kiri. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí kò yí nítorí èyí kò kú. Ẹ̀ṣọ́ ni ó ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là. A ti rí oníṣẹ́ tí ó fi wáyà já iná láti bátìrì wá sí òòfà tààrà, tí ó sì jẹ́ kí ó máa yí bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí, láìsí gáàsì, láìsí òróró. Ẹ̀rọ tí ó wà láàyè ni ó ń pa. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bí òòfà fúnra rẹ̀ bá dára, kí a fi mítà ìdánwò wọn wáyà rẹ̀: lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, yóò kà nǹkan bí 3 sí 5 ohm. Bí kò bá kà rárá, wáyà inú rẹ̀ ti já, òòfà nìkan ni a ó sì pààrọ̀. Ariwo tí ń hàn nígbà tí AC wà ní pípa, tí bẹ́líìtì sì ń yí, bíárínì iwájú ni ó sábà máa ń jẹ́. A lè pààrọ̀ òun náà láìtú inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ gééjì. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sinmi fún wákàtí kan tàbí méjì, tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí a so gééjì méjèèjì mọ́ ọn. Iye kan náà ni wọn yóò kà. Nínú ooru 30 °C sí 32 °C tí ó wọ́pọ̀ ní ìlú wa, R-134a yóò kà nǹkan bí 97 sí 104 psi. Bí ó bá kà 40, gáàsì inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò sì tíì ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́. Bí ó bá ga púpọ̀ ju iye yẹn lọ, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tàbí gáàsì mìíràn ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé 100 psi túmọ̀ sí pé gáàsì pé. Ìyàwó ilé tí ń fi gáàsì se oúnjẹ mọ èyí jù wá lọ: sílíńdà tí ó kún àti èyí tí ó ku ìdá mẹ́rin, bákan náà ni iná wọn ń rí, títí ọjọ́ tí yóò tán lójijì.

Lẹ́yìn èyí ni kí a tan ẹ́ńjìnnì, kí a tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ títí yóò fi máa yí nǹkan bí 1,500 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kí a ṣí fèrèsé, kí a sì tan AC dé òpin. Ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní iye tirẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ooru wa, ìhà tí ń fà sábà máa ń wà láàrin 30 sí 45 psi, ìhà tí ń tì a sì wà láàrin 200 sí 250. Àwọn méjì yìí ni ẹlẹ́rìí wa, a kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ti ọ̀kan kí a fi ti èkejì sílẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá lọ sílẹ̀, gáàsì ni kò tó. Bí ìhà tí ń fà bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo, nǹkan ti dí ojú ọ̀nà. Bí ìhà tí ń fà bá ga, tí ìhà tí ń tì sì wà nílẹ̀, tí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn dọ́gba nígbà tí àwo iwájú ń yí, nígbà náà ni a tó lè nawọ́ sí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ pé kò lè fún gáàsì mọ́. Síbẹ̀, àwọn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ìgbàlódé kan wà tí wọ́n ní fáàfù kékeré lẹ́yìn, tí ń sọ fún wọn bí wọn yóò ti ṣiṣẹ́ tó; kí a yẹ fáàfù náà wò kí a tó sin òkú.

Ó ku ọ̀nà kan, èyí tí àwọn méjèèjì fi ga jù. A mọ ìyá kan ní Sùúrùlérè tí ń fi ọkọ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ó ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ méjì láàrin ọdún kan. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá gba orí afárá Third Mainland ní àárọ̀ kùtùkùtù, tí ọkọ̀ ń sáré, AC a máa tutù. Bí ó bá padà dé ibi tí ọkọ̀ ti há, ooru a dé. Ẹni tí ó bá farabalẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ yìí ti rí ìdáhùn: bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ń fẹ́ sí kọ́ńdẹ́ńsà fúnra rẹ̀, bí ó bá dúró, fáánù ni ó yẹ kí ó fẹ́ ẹ. Fáánù náà kò yí. Ìhà tí ń tì ti kọjá 350 psi nígbà tí a fi gééjì sí i. Rílée kan ni a pààrọ̀, inú ọkọ̀ sì tutù. Owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ méjèèjì ti lọ, kò sì sí ẹni tí yóò dá a padà fún un.

Àwa kò bá àwọn oníṣẹ́ jà o. Àwọn kan wà lára wọn, ní Muṣin àti ní Yábàá, tí ọwọ́ wọn mọ́, tí ọpọlọ wọn sì jí pépé. Ohun tí a lòdì sí ni àṣà ‘ẹ jẹ́ kí n rọ gáàsì sí i’. Gáàsì AC kì í ṣe epo bẹntiróò. Kì í jó tán. Bí ó bá dínkù láàrin oṣù díẹ̀, ó ń jò ni, ẹni tí ó bá sì ń rọ òmíràn sí i láìwá ojú ibi tí ó ti ń jò, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ojú ibi tí ó ń jò sábà máa ń fi òróró hàn, tí eruku lẹ̀ mọ́. Omi ọṣẹ lè fi í hàn. Òróró aláwọ̀ tí a ń fi iná àrà ọ̀tọ̀ wò tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ fi agbára dán páípù wò, nitrogen ni kí a lò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí a fi oxygen àwọn ajórin ṣe é: oxygen àti òróró nínú ohun tí a há mọ́, ìbúgbàmù ni. Kí a má sì lo pọ́ǹpù àwọn afẹ́táyà, nítorí R-134a tí a pò mọ́ afẹ́fẹ́ lábẹ́ agbára ńlá lè gbiná.

Bí a bá ti dí ojú ibi tí ń jò, pọ́ǹpù ni a ó fi fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde, fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Etí òkun ni ìlú wa wà, nítorí náà abẹ́rẹ́ gééjì yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 30 nísàlẹ̀ òdo. Níbẹ̀, omi tí ó fara pamọ́ sínú páípù yóò hó nínú ooru ọ̀sán lásán, yóò sì jáde. Kí a pa pọ́ǹpù, kí a tún dúró fún ìdajì wákàtí, kí a máa wo abẹ́rẹ́. Bí ó bá ń gòkè, ó ṣì ń jò. Oníṣẹ́ tí ó bá fo èyí fi ọ̀rinrin sílẹ̀ láti di ásíìdì, tí yóò máa jẹ irin nínú. Gáàsì tí a ó rọ sí i, òṣùwọ̀n ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Iye rẹ̀ wà lára bébà tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, kò ju gíráàmù 450 sí 700 lọ.

Irú gáàsì wo ni? Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí. Ní ọdún 2011, àwọn àpótí ńlá olótùútù tí a fi ń kó oúnjẹ gba orí òkun bú gbàmù ní Vietnam àti ní Brazil, ènìyàn mẹ́ta sì kú. A rí i pé gáàsì ayédèrú ni a ti rọ sínú wọn ní orúkọ R-134a, èyí tí a lú mọ́ methyl chloride. Ohun yìí a máa jẹ aluminium, a sì di nǹkan tí ń gbiná fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Bẹ́ẹ̀ aluminium ni ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ọkọ̀ wa pẹ̀lú. Kí a má ṣe gba àwọ̀ sílíńdà gbọ́, nítorí ẹni tí ó lè lú gáàsì lè kun sílíńdà. Kí a rà á lọ́wọ́ ẹni tí a mọ ilé ìtajà rẹ̀, kí a sì fi gééjì wọn sílíńdà náà nínú ooru 30 °C: bí ó bá kà ju 150 lọ, ó lè jẹ́ R-22 ti AC inú ilé, tí agbára rẹ̀ yóò fọ́ páípù ọkọ̀. Bí ó bá kà nǹkan bí 97, èyí dára, ṣùgbọ́n àwọn alágàbàgebè kan mọ bí a ti ń pò ó kí ó lè kà bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ tí ń yẹ irú gáàsì wò bá wà, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Kí a má sì máa tú gáàsì àtijọ́ sójú ọ̀run. R-12 tí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ń lò ni àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 fòpin sí, nítorí pé ó ń ba ìbòrí ozone jẹ́. R-134a kì í ba ìbòrí náà jẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti carbon dioxide lọ ní ìlọ́po 1,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó lè jẹ́ òtítọ́ pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti kú, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn ju Ládípọ̀ lọ. Ọmọ tí a bí ní òkè òkun tí a sì gbé bọ̀ wá sílé ni àwọn baba wa ń sọ ní Tòkunbọ̀. Nísinsìnyí ẹ̀rọ àlòkù ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn. Kí ẹ gbé ti àtijọ́ lọ́wọ́ dé ibẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n wé ara wọn: nọ́ńbà ara wọn, iye ojú ìlà bẹ́líìtì, ibi tí páípù ń wọ̀. Èyí tí a kò dí ihò rẹ̀, tí ó ti wà nínú òjò àti eruku, kí ẹ fi í sílẹ̀ bí ó ti wù kí ó dán tó. Ẹ fi ọwọ́ yí àwo iwájú rẹ̀: kí ó yí jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára díẹ̀, kí ó má há, kí ó má dún bí yanrìn, bí ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ihò tí ń tì, kí ó tì yín lọ́wọ́. Ẹ da òróró inú rẹ̀ díẹ̀ sórí aṣọ funfun. Bí ó bá dúdú, tàbí tí ó ń dán fún ìfọ́ irin, kí ẹ dá a padà. Kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó, kí ẹ sì bá òǹtajà ṣe àdéhùn ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà.

Bí òróró inú ti àtijọ́ bá dúdú pẹ̀lú ìfọ́ irin, ìfọ́ náà ti dé inú kọ́ńdẹ́ńsà. A gbọ́dọ̀ fọ páípù, a sì sábà máa ń ní láti pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà pàápàá. Agolo tí ń gba ọ̀rinrin, títun ni kí a fi sí i nígbàkigbà tí a bá pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Òróró tí olùṣe kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ pè ni kí a lò, bóyá PAG 46, tàbí 100, tàbí 150. Kí a sì má ṣe lo agolo tí a ti ṣí sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí PAG a máa mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń mu òjò. Àwọn ọkọ̀ tí ń lo bátìrì ńlá pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ pátápátá: iná ni ó ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wáyà rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn lè pa ènìyàn, PAG a sì ba ààbò iná inú rẹ̀ jẹ́. Kí a má ṣe gbé e fún ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà.

Nígbà ọyẹ́, tí ara kò béèrè AC, kí ẹ ṣáà máa tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí òróró lè máa dé ìdí rọ́bà tí ó dí ọrùn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí rọ́bà náà bá gbẹ, ibẹ̀ ni gáàsì yóò gbà lọ. Kí ẹ sì máa fi omi tí kò le fọ eruku ojú kọ́ńdẹ́ńsà. Ìyá tí ó béèrè nípa fíríìjì tí ń mi ilẹ̀ ilé, a ti gba ìwé yín. A ó dá yín lóhùn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.